Bí a ṣe ń mọ̀ bóyá nọ́ńbà jẹ́ práìmù: láti orí 91 dé orí èyí tó tóbi jù lọ tí a tíì rí

Ìbéèrè kan wà tí mo fi máa ń kí ọmọ tuntun káàbọ̀ sí fàráńdà tí mo ti ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ l'Ókè-Fìà, nílùú Òṣogbo: ṣé práìmù ni 91? Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń dáhùn kíá pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n á ti fi 2 dán an wò, wọ́n á ti fi 3 dán an wò, wọ́n á ti fi 5 dán an wò, kò ní pín, wọ́n á sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ọ̀rọ̀ ò tíì parí. 7 × 13 ni 91.

Kì í ṣe pé àwọn ọmọ yìí ò mọ ìpín. Ibi tó yẹ kí wọ́n dúró ni wọn ò mọ̀. Àwọn kan máa ń tètè dúró, bíi ti 91 yìí. Àwọn kan ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dúró rárá: mo ti rí ọmọ tó ń fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan pín 397 títí ó fi kọjá 150, tí àkókò ìdánwò ń lọ lórí ẹ̀. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún irú àwọn méjèèjì. Bí ẹ bá fara balẹ̀ tẹ̀ lé e, ẹ ó lè fi ìdánilójú sọ pé nọ́ńbà kan jẹ́ práìmù, kódà bó bá tóbi débi pé ẹ ò ní pín in rárá.

Práìmù ni nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tí kò sí ohun tó lè pín in láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Àwọn kan tó ń kọ̀wé ní èdè wa ń pè é ní nọ́ńbà àkọ́kọ́. Práìmù ni àwọn ọmọ ń pè é ní kíláàsì, òun náà ni n ó máa lò níbí.

Ohun tí ẹ nílò

- Ìwé onílà kan àti pẹ́ńsù. Ẹ má ṣe é lórí. Àṣìṣe tí a kọ sílẹ̀ ṣeé wá rí, èyí tó wà lórí kò ṣeé wá rí.
- Ẹ̀rọ ìṣirò. Ti fóònù tó títí dé ìparí ìtọ́sọ́nà yìí, bí ẹ bá ṣọ́ra níbi tí mo ti ní kí ẹ ṣọ́ra.
- Ọmọ ayò ọpọ́n méjì. 48 ni ọmọ ayò ọpọ́n kan, nítorí náà ọpọ́n méjì jẹ́ 96. Ẹni tí kò bá rí ayò lè lo èkùrọ́ tàbí ìdérí ìgò.

Ẹ má fojú kéré ọmọ ayò yẹn. Ọmọbìnrin kan takú sí mi lọ́rùn pé 91 kò ṣeé pín. Mi ò bá a jiyàn. Mo kó ayò 96 fún un, mo ní kó yọ 5 kúrò, kó sì to ìyókù sórí ẹní ní ìlà tó dọ́gba. Ó tò wọ́n ní méjì-méjì: ẹyọ kan ṣẹ́kù. Ó tò wọ́n ní mẹ́ta-mẹ́ta: ẹyọ kan ṣẹ́kù. Márùn-ún-márùn-ún: ẹyọ kan. Mẹ́fà-mẹ́fà: ẹyọ kan náà. Ó wò mí bí ẹni tó ti jàre, ó fẹ́ máa kó wọn sínú ọpọ́n. Mo ní kó tò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, ní méje-méje. Nígbà tó to ìlà tó gbẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ilẹ̀ ẹní náà sì mọ́. Ó ka ìlà: 13. Ó tún un kà. Láti ọjọ́ yẹn, n kò tún gbọ́ ọ kó sọ pé nọ́ńbà kan kò ṣeé pín láìjẹ́ pé ó sọ ibi tó dán an wò dé.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ sẹ́ nọ́ńbà 100 àkọ́kọ́

Bí a ṣe ń sẹ́ ògì, tí èérí á dúró sínú asẹ́ tí ògì á sì lọ, bẹ́ẹ̀ la ó ṣe sẹ́ àwọn nọ́ńbà tó ṣeé pín kúrò.

Ẹ fa òpó mẹ́fà. Ẹ kọ 1 dé 6 sí ìlà kìn-ín-ní, 7 dé 12 sí ìlà kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi dé 100. Òpó mẹ́wàá ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń lò, ṣùgbọ́n mẹ́fà ni mo fẹ́ràn jù, nítorí òpó mẹ́rin ni ẹ ó fi ìlà kan-kan pa rẹ́. Òpó kejì, ìkẹrin àti ìkẹfà jẹ́ ti àwọn tí 2 ń pín. Òpó kẹta jẹ́ ti àwọn tí 3 ń pín. Ẹ pa wọ́n rẹ́ pátá, kí ẹ dá 2 àti 3 nìkan sí lókè.

Òpó kìn-ín-ní àti ìkarùn-ún ló kù. Ẹ pa 1 rẹ́. Ẹ pa àwọn tí 5 pín rẹ́, kí ẹ dá 5 fúnra rẹ̀ sí: 25, 35, 55, 65, 85, 95. Ẹ pa àwọn tí 7 pín rẹ́, kí ẹ dá 7 sí: 49, 77, 91. Ó parí. Ẹ ò nílò láti dé orí 11, nítorí 11 × 11 jẹ́ 121, ìyẹn sì ti jáde kúrò nínú ìwé yín. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: àwọn kan ń dá 1 sí. 1 kì í ṣe práìmù. Àwọn kan ń pa 2 rẹ́ torí pé 2 dọ́gba. Práìmù ni 2, òun nìkan sì ni práìmù tó dọ́gba. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé nígbà tí wọ́n bá ti rí i pé òpó méjì péré ló kù, wọ́n á ní gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ni práìmù. Inú òpó yẹn náà ni 91 sá pamọ́ sí.

Àyẹ̀wò: ẹ ka iye tó kù. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 25 gan-an. 15 nínú wọn kò tó 50, 97 ló kẹ́yìn. Bí ẹ bá ro gbogbo wọn pọ̀, 1060 ni ẹ ó rí. Bí iye yín bá yàtọ̀, ẹ má kọjá ibí. Ẹ padà lọ wo òpó kìn-ín-ní.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ fi ojú lé àwọn tí kò nílò ìpín lọ

Ẹ̀yin náà ti mọ̀ pé nọ́ńbà tó ju 5 lọ tó bá parí sí 0, 2, 4, 5, 6 tàbí 8 kì í ṣe práìmù. Ẹ mọ ti 3 pẹ̀lú: ẹ ro àwọn ojú nọ́ńbà náà pọ̀, bí 3 bá pín àròpọ̀ náà, ó pín nọ́ńbà náà. 5 + 3 + 1 nínú 531 jẹ́ 9, nítorí náà 3 pín 531.

Èyí tí wọn kì í sábà kọ́ wọn ni ti 7, 11 àti 13 lẹ́ẹ̀kan náà. Àṣírí rẹ̀ ni pé 7 × 11 × 13 jẹ́ 1001. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún, ẹ gé nọ́ńbà náà sí mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ wá yọ ègé kan kúrò nínú èkejì. Bí ègé bá ju méjì lọ, ẹ máa yọ, ẹ máa fi kún, ní ìtẹ̀léra. Bí 7, 11 tàbí 13 bá pín ohun tó kù, ó pín odidi nọ́ńbà náà.

Ẹ jẹ́ ká wo 215033. Ègé rẹ̀ ni 215 àti 033. 215 − 33 jẹ́ 182. 182 jẹ́ 7 × 26, ó tún jẹ́ 13 × 14. Nítorí náà 7 pín 215033, 13 náà pín in. Ẹ ò tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: bí èsì bá jẹ́ 0, àwọn ọmọ máa ń rò pé kò sí ohun tó pín in. Òdìkejì ni. Bó bá jẹ́ 0, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pín in. Ẹ fi 347347 dán an wò.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mọ ibi tí ẹ ó dúró

Ibí ni gbogbo ẹjọ́ wà. Ẹ má ṣe kánjú kọjá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú 391. Ẹ wá nọ́ńbà tí ìlọ́po ara rẹ̀ kọ́kọ́ kọjá 391. 19 × 19 jẹ́ 361, kò tíì tó. 20 × 20 jẹ́ 400, ó ti kọjá. Nítorí náà 19 ni òpin iṣẹ́ yín. Bí nọ́ńbà kankan bá pín 391, ó gbọ́dọ̀ ní ìkejì tí wọ́n jọ sọ ara wọn di púpọ̀ tí wọ́n fi di 391. Bí àwọn méjèèjì bá tó 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn á di 400 ó kéré tán, 391 ò sì tó 400. Nítorí náà ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ kéré sí 20. Bí ẹ bá wá èyí tó kéré títí dé 19 tí ẹ ò rí i, a jẹ́ pé èyí tó tóbi náà kò sí. Ìdí nìyí tí a ò fi dé orí 11 nígbà tí à ń sẹ́ 100.

Ohun kejì: práìmù nìkan ni kí ẹ máa fi pín. Ẹ ò nílò 9, nítorí ohun tí 9 bá pín, 3 ti pín in ṣáájú. Ẹ ò nílò 15. Ìwé ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní yín ni kí ẹ ṣí sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó yá, 391. Ìgbésẹ̀ kejì ti lé 2, 3 àti 5 lọ. Ìyókù rèé:

7 × 55 = 385, ìyókù 6.
11 × 35 = 385, ìyókù 6.
13 × 30 = 390, ìyókù 1.
17 × 23 = 391, kò sí ìyókù.

Ó ṣeé pín. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń já sílẹ̀ lórí 13 torí pé ó ti rẹ̀ wọ́n, wọ́n á sì kọ "práìmù". Ìgbésẹ̀ kan péré ló kù tí wọn ìbá fi rí i.

Ẹ wá wo 397, ẹni tí wọ́n ń pín títí dé 150. Òpin rẹ̀ náà ni 19. 7 ṣẹ́ 5 kù. 11 ṣẹ́ 1 kù. 13 ṣẹ́ 7 kù. 17 ṣẹ́ 6 kù. 19 ṣẹ́ 17 kù. Ó tán. Práìmù ni, kì í ṣe "ó dà bíi pé".

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: ẹ̀rọ ìṣirò kì í fún yín ní ìyókù. Bí ẹ bá fi 7 pín 397, ẹ̀rọ á kọ 56.7142857. Ọmọ á rí 7 lẹ́yìn àmì ẹ̀sún, á ní ìyókù jẹ́ 7. Rárá. Ẹ mú 56, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 7, ẹ rí 392, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 397: ìyókù jẹ́ 5. Ìṣe mẹ́ta yìí, pín, sọ di púpọ̀, yọ kúrò, ni a ó máa lò títí dé òpin. Ẹ jẹ́ kó mọ́ yín lára nísinsìnyí tí nọ́ńbà ṣì kéré. Ìyókù kò sì lè tó nọ́ńbà tí ẹ fi pín láéláé. Bó bá tó o, ẹ ti ṣìṣe.

Àyẹ̀wò: ẹ ṣe 437, 439 àti 899 fúnra yín kí ẹ tó ka ìlà tó kàn.

437 jẹ́ 19 × 23. 439 jẹ́ práìmù, 20 ni òpin rẹ̀, torí 21 × 21 jẹ́ 441. 899 jẹ́ 29 × 31, ẹni tó bá rí èyí ti mọ iṣẹ́, nítorí ẹnu ọ̀nà ibi tó yẹ kó dúró gan-an ló ti pàdé rẹ̀. Kò sí nọ́ńbà tí kò tó 1000 tó nílò ju práìmù 11 lọ, láti 2 dé 31.

Ìgbésẹ̀ 4: Àwọn nọ́ńbà tí ẹyọ kan yọ kúrò lára wọn

Bí nọ́ńbà bá ti wọ mílíọ̀nù, ìpín á di iṣẹ́ àṣekúdórógbó. Ṣùgbọ́n ìdílé kan wà tó ní ọ̀nà àbùjá: ẹ fi 2 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kí ẹ yọ ẹyọ kan. Orúkọ Marin Mersenne, àlùfáà ará Faransé, ni wọ́n fi ń pè wọ́n. 2⁵ − 1 jẹ́ 31. 2⁷ − 1 jẹ́ 127. Práìmù ni méjèèjì.

Ara Òṣogbo kì í ṣe àjèjì sí ìlọ́po 2 yìí. Àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún tí a ń tàn nígbà ọdún Ọ̀ṣun, 2⁴ ni. Odù Ifá 256, 2⁸ ni. Ẹ yọ ẹyọ kan lára ọ̀kọ̀ọ̀kan: 15 jẹ́ 3 × 5, 255 jẹ́ 3 × 5 × 17. Méjèèjì ló pín. Kí ló fà á? Nọ́ńbà kékeré tó wà lókè, 4 àti 8, kì í ṣe práìmù. Òfin àkọ́kọ́ nìyẹn: bí nọ́ńbà òkè bá ṣeé pín, ti ìsàlẹ̀, ìyẹn èsì tí ẹ rí lẹ́yìn tí ẹ yọ ẹyọ kan, náà ṣeé pín. 15 jẹ́ 3 × 5, nítorí náà 2³ − 1, ìyẹn 7, gbọ́dọ̀ pín 2¹⁵ − 1. 2⁵ − 1, ìyẹn 31, náà gbọ́dọ̀ pín in. Ẹ dán an wò: 32767 jẹ́ 7 × 4681, ó tún jẹ́ 31 × 1057.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: wọ́n á yí òfin yìí padà, wọ́n á ní bí ti òkè bá jẹ́ práìmù, ti ìsàlẹ̀ náà á jẹ́ práìmù. Irọ́ ni. 11 jẹ́ práìmù, ṣùgbọ́n 2¹¹ − 1 jẹ́ 2047, ìyẹn 23 × 89.

Àbùjá náà rèé. Ẹ jẹ́ ká pe nọ́ńbà òkè ní p, kó sì ju 2 lọ. Práìmù tó bá lè pín 2ᵖ − 1 gbọ́dọ̀ pé ohun méjì. Ìkíní, bí ẹ bá fi ìlọ́po méjì p pín in, ìyókù gbọ́dọ̀ jẹ́ 1. Ìkejì, bí ẹ bá fi 8 pín in, ìyókù gbọ́dọ̀ jẹ́ 1 tàbí 7. Èyí tí kò bá pé méjèèjì, ẹ má fi àkókò yín ṣòfò lé e lórí.

Ẹ wo ohun tí èyí ṣe fún 2¹⁹ − 1, ìyẹn 524287. 724 × 724 jẹ́ 524176, 725 × 725 jẹ́ 525625, nítorí náà 724 ni òpin. Práìmù tó wà láti 2 dé 724 lé ní ọgọ́fà. Ṣùgbọ́n ìlọ́po méjì 19 jẹ́ 38, nítorí náà àwọn tó ṣẹ́ 1 kù lórí 38 nìkan la fẹ́: 39, 77, 115, 153, 191, ẹ máa fi 38 kún un títí dé 723. Ẹ yọ àwọn tí kì í ṣe práìmù. Ẹ yọ àwọn tí kò ṣẹ́ 1 tàbí 7 kù lórí 8. Mẹ́ta péré ló kù: 191, 457 àti 647.

191 × 2744 = 524104, ìyókù 183.
457 × 1147 = 524179, ìyókù 108.
647 × 810 = 524070, ìyókù 217.

Ìpín mẹ́ta, a sì ti fi hàn pé práìmù ni 524287. Inú mi máa ń dùn gan-an nígbà tí àwọn ọmọ bá dé ibí yìí, torí wọ́n máa ń dákẹ́ ná kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: wọ́n á gbé àbùjá yìí lọ bá nọ́ńbà tí kì í ṣe ọmọ ìdílé yìí. Ẹ má lò ó fún 391 tàbí 899. Ti 2ᵖ − 1 nìkan ni.

Àyẹ̀wò: ẹ fi ọ̀nà yìí wá 2¹³ − 1, ìyẹn 8191. Òpin jẹ́ 90. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló yẹ kó kù lọ́wọ́ yín, 79, ìyókù rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 54. Bí 53 bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ ò tíì fi 8 yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìgbésẹ̀ 5: Àyẹ̀wò Lucas-Lehmer, níbi tí a kì í ti wá ohun tó pín in

Lucas ará Faransé ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Lehmer ará Amẹ́ríkà ló tún un ṣe. Fún 2ᵖ − 1, tí p jẹ́ práìmù tó ju 2 lọ, ohun tí ẹ ó ṣe nìyí:

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4. Ẹ wá ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ yọ 2, ẹ fi 2ᵖ − 1 pín in, ẹ mú ìyókù. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyókù yẹn náà. Ẹ ṣe é ní ìgbà p − 2. Bí èyí tó gbẹ̀yìn bá jẹ́ 0, práìmù ni. Bí kò bá jẹ́ 0, kì í ṣe práìmù.

Ẹ kọ́kọ́ fi 127 ṣe é. p jẹ́ 7, nítorí náà ìgbà márùn-ún ni.

1. 4 × 4 − 2 = 14.
2. 14 × 14 − 2 = 194; ẹ yọ 127, ó ku 67.
3. 67 × 67 − 2 = 4487; 127 × 35 = 4445; ó ku 42.
4. 42 × 42 − 2 = 1762; 127 × 13 = 1651; ó ku 111.
5. 111 × 111 − 2 = 12319; 127 × 97 = 12319; ó ku 0.

Ní báyìí, 8191. p jẹ́ 13, ìgbà mọ́kànlá. Ìyókù tí ẹ gbọ́dọ̀ rí ní ìtẹ̀léra ni 14, 194, 4870, 3953, 5970, 1857, 36, 1294, 3470, 128, 0. Ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe é. Bí tiyín bá yà kúrò lọ́nà ní ibì kan, ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe yín wà, ẹ ò ní wá a jìnnà.

Ìgbà tí ẹ bá dé 128 yẹn, ẹ dúró díẹ̀. 128 × 128 jẹ́ 16384. Ẹ yọ 2, ó di 16382, ìyẹn 8191 lẹ́ẹ̀mejì gééré. Kì í ṣe èèṣì ni 128 fi jẹ́ ìlọ́po 2. Bí nọ́ńbà bá jẹ́ práìmù nínú ìdílé yìí, èyí tó ṣáájú 0 gbọ́dọ̀ jẹ́ 2 tí nọ́ńbà òkè rẹ̀ jẹ́ ìdajì p + 1, tàbí kó jẹ́ ohun tó ku láti fi dé 2ᵖ − 1. Ìdajì 14 jẹ́ 7, 2⁷ sì jẹ́ 128. Ti 127 ńkọ́? Ìdajì 8 jẹ́ 4, 2⁴ jẹ́ 16, 127 − 16 jẹ́ 111. Ẹ padà wo ìlà kẹrin òkè yẹn.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà pọ̀ níbí, ẹ fara balẹ̀. Àwọn kan máa ń ka 4 mọ́ ìgbà. Ìbẹ̀rẹ̀ ni 4, ìgbà kìn-ín-ní ni 14. Àwọn kan máa ń gbàgbé láti yọ 2. Àṣìṣe kan ṣoṣo ní ìlà kẹta á ba gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e jẹ́, kò sì ní fi ara hàn títí dé òpin. Ẹ̀rọ ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ máa ń fi ojú nọ́ńbà mẹ́wàá hàn. Bí ìlọ́po ara rẹ̀ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ á gé ìrù rẹ̀ kúrò, á sì kọ ×10 sí i. Bí ẹ bá ti rí ×10 yẹn, ẹ dúró. Ìrù tó gé yẹn gan-an la fẹ́.

Àyẹ̀wò: ẹ ṣe é fún 2047, tí a ti mọ̀ pé ó ṣeé pín. Ìgbà mẹ́sàn-án. Ẹ ó rí 14, 194, 788, 701, 119, 1877, 240, 282, 1736. Kò parí sí 0, ó sì bá ohun tí a mọ̀ mu. Ẹ kíyè sí i pé àyẹ̀wò yìí kò dárúkọ 23 tàbí 89 fún yín. Ó sọ pé ó ṣeé pín, kò sọ ohun tó pín in. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, ìkejì sì le ju ìkíní lọ fíìfíì.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ gbé èyí tó tóbi jù lọ sórí tábìlì

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni àwọn ẹgbẹ́ GIMPS, tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà wá práìmù Mersenne, kéde 2¹³⁶²⁷⁹⁸⁴¹ − 1, èyí tí Luke Durant rí. Òun ni ìkejìléláàádọ́ta nínú práìmù Mersenne tí a mọ̀. Àyẹ̀wò Lucas-Lehmer tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ yìí wà lára ohun tí wọ́n fi jẹ́rìí sí i. P − 2 tiwọn jẹ́ 136279839. A ò ní lè ṣe ìyẹn lórí fàráńdà. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta wà tí ẹ lè mọ̀ nípa rẹ̀ láìrí i.

Bó ṣe parí. 2, 4, 8, 16, 32, 64: ojú ìkẹyìn ìlọ́po 2 ń yí po ní mẹ́rin-mẹ́rin, 2, 4, 8, 6. Ẹ fi 4 pín 136279841, ìyókù jẹ́ 1, nítorí náà ó wà ní ipò 2. Ẹ yọ ẹyọ kan: ó parí sí 1.

Iye ojú nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ sọ p di púpọ̀ pẹ̀lú log 2, ẹ mú odidi rẹ̀, ẹ fi 1 kún un. Ibi tí mo ti bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣọ́ra gan-an nìyí. Ìwé log olójú mẹ́rin tí a ń lò nílé ẹ̀kọ́ kọ 0.3010. Bí ẹ bá lo ìyẹn, ẹ ó rí 41020233, ó fi ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti díẹ̀ dín. Bí ẹ bá lo 0.30103, ẹ ó rí 41024321, ó fi ẹyọ kan lé. Ẹ lo 0.301029995664. Ẹ ó rí 41024319.945, odidi rẹ̀ pẹ̀lú 1 jẹ́ 41024320. Iye tí wọ́n kéde gan-an nìyẹn. Bí ẹnì kan bá ń kọ ojú nọ́ńbà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, tí kò sùn, tí kò jẹun, á lé ní ọjọ́ 474 kó tó kọ ọ́ tán.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ju 0.945 tó wà lẹ́yìn àmì ẹ̀sún yẹn nù. Ẹ tẹ 10 tí 0.945 wà lókè rẹ̀ sínú ẹ̀rọ ìṣirò: ó máa ń fún yín ní 8.81. Ojú méjì àkọ́kọ́ nọ́ńbà náà ni 88.

Àyẹ̀wò: ẹ ṣe ìṣe mẹ́ta yìí fún 2³¹ − 1, tí ẹ lè rí látòkè délẹ̀. Ìyókù 31 lórí 4 jẹ́ 3, ipò 8 nìyẹn, yọ 1, ó parí sí 7. 31 × 0.30103 jẹ́ 9.33, nítorí náà ojú mẹ́wàá. 10 tí 0.33 wà lókè rẹ̀ jẹ́ 2.14. Nọ́ńbà náà rèé: 2147483647.